Oníjà dambe tó fẹ́ di heavyweight nínú kickboxing: ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Kúbwà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi kan ń ja dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ àwọn Hausa, ní Dei-Dei, ní Abuja. Ọmọ ọdún 22 ni, ó ga tó 1.93 m, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 104 kg. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é fojú di. Ó ti pinnu pé kickboxing, ìjà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ jà, ni òun máa fi jẹun, bíi Benjamin Adegbuyi tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó na Badr Hari, ìlúmọ̀ọ́ká oníjà kickboxing, ní December 2020. Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ti pọ̀ jù? Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ní kó máa fi ìgò yí ojúgun kó lè le. Ṣé òótọ́ ni?

Kóòṣì Gwarinpa:
Ọjọ́ orí kọ́ ni ìṣòro. Àwọn heavyweight, ìyẹn àwọn oníjà tó wúwo jù, máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ọdún 37 ni Ernesto Hoost nígbà tó gba K-1 World Grand Prix, ìdíje kickboxing ńlá kan, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rẹ̀ ní 2002. Bí àbúrò rẹ bá fi ọdún méjì sí mẹ́ta kọ́ṣẹ́, tó ja ìjà amatọ̀ bíi 15 sí 20, kò ní ju ọmọ ọdún 25 lọ tó bá máa bẹ̀rẹ̀ sí gbowó. Ìwọ̀n yẹn náà dára. Ní Glory, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà kickboxing, ẹni tó bá ti ju 95 kg lọ ti di heavyweight. Ní ìjà amatọ̀ WAKO, àjọ kickboxing àgbáyé, òkè 91 kg ni. Kó má gbààwẹ̀ dín ara kù, kó má sì fi tuwo sọ ara rẹ̀ di 120 kg.

Dambe ti fún un ní agbára àti ìgboyà. Àmọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń jà níbẹ̀, èkejì asà ni. Tí ọwọ́ tàbí orúnkún bá sì ti kan ilẹ̀, wọ́n ti “pa á” nìyẹn lédè dambe, ìyẹn ni pé ó ti pàdánù, ìjà tán. Nínú kickboxing, tí o bá ṣubú, rẹfirí á ka ení èjì dé mẹ́jọ, wàá dìde, wàá tún máa jà lọ: ráúndù mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, márùn-ún ni tó bá jẹ́ ìjà bẹ́líìtì. Orúnkún wà nínú òfin, igúnpá kò sí, wọn kò sì ní jẹ́ kó di ènìyàn mú pẹ́. Nítorí náà, èémí ni kó kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì tó fi ń ṣe asà gbọ́dọ̀ di ẹ̀ṣẹ́, kó sì máa padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó bá jù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹsẹ̀ iwájú ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ oníjà dambe máa ń fi gbogbo ara lé e kí ọ̀tún lè dé ibi tó jìnnà. Ẹni tó mọ ìpá itan, ìyẹn fífi ojúgun gbá ènìyàn ní itan, á gbá a níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje, tó bá fi máa di ráúndù kejì kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kó kọ́ ìdènà lójoojúmọ́: kó gbé orúnkún sókè dé ìbàdí, kó yí i síta díẹ̀, kó fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè kí iṣan ojúgun le, kó sì fi òkè ojúgun, nísàlẹ̀ orúnkún gan-an, pàdé ìpá náà. Ibẹ̀ ló nípọn. Apá tó sún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tínrín, kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbá ìpá náà wà nínú ewu o. Ní April 2014, ní Istanbul, nínú ìjà kickboxing, Tyrone Spong gbá Gökhan Saki, Saki gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ Spong ló kán. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ju ìpá itan láìfi ẹ̀ṣẹ́ ṣíwájú rẹ̀: òsì tààrà, ọ̀tún tààrà, òsì oníkọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìpá ọ̀tún tó tẹ̀lé e. Òsì oníkọ́ yẹn ló ń mú kí ara ẹni náà tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú, tí kò fi ní ráyè gbé e.

Ọ̀rọ̀ ìgò, kó jáwọ́ ńbẹ̀ lónìí. Awọ tó bo egungun ló ń ṣe léṣe, kò mú ojúgun nípọn. Àpò ìdánrawò tí a ń gbá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpá 50 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó máa fi 10 kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Tí ojúgun bá ń dùn ún níbi kan pàtó tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó dúró, nítorí egungun tó ti ń là díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àpò náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rán fún wa níhìn-ín, iyanrìn ló kún inú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí iyanrìn á fi rọ̀ sí ìdí, tí á sì le gbagidi níbi tí ìpá itan ti ń bà. Ẹ rán tapólì tó gùn tó 1.8 m. Ẹ gé àkísà òkìrìkà wẹ́wẹ́, ẹ yọ bọ́tìnnì àti síìpù kúrò, ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi igi gún un kí ẹ tó da òmíràn lé e, títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi tó 50 sí 60 kg. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti fún wálẹ̀. Ẹ fi òmíràn dí òkè rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ ìdánrawò, 16 oz tàbí 18 oz, pẹ̀lú ìbo-ojúgun. Kó má ja ìdánrawò líle ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ àwọn tó tóbi tó báyìí wúwo, orí kò sì ní ìpààrọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́ Rìǹgì:
Kóòṣì ti sọ ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ara. Kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, Hepatitis B àti C. Láìsí ìwé wọn, kò sí ibi gidi tí wọ́n máa ti jẹ́ kó gun rìǹgì. Hepatitis B pọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí náà tí kò bá ní i, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀: ti òní, ti oṣù kan, ti oṣù mẹ́fà. Ẹ yẹ genotype rẹ̀ wò pẹ̀lú. AS lè jà, àmọ́ ìdánrawò líle nínú ooru March àti April lè dá a wó lulẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kó ṣe iṣẹ́ líle. Kó wọn ara rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Fún 1 kg tó bá lọ, kó mu omi lítà kan àbọ̀, kó fi ORS sí i.

ECG ọkàn ṣe pàtàkì. Semmy Schilt tó gba K-1 World Grand Prix lẹ́ẹ̀mẹrin, àìsàn ọkàn ló mú kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2013.

Tí wọ́n bá gbá a dákú, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba ẹ̀ṣẹ́ kankan sí orí, kódà tó bá ní ara òun ti yá. Tó bá ń bì, tí orí fífọ́ ń le sí i, tàbí tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Agbẹjọ́rò Wuse:
Ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ ìwé tí kò bá ní nǹkan wọ̀nyí: ta ló ń san tíkẹ́ẹ̀tì, hòtẹ́ẹ̀lì àti físà, ti òun àti ti kóòṣì rẹ̀, ta ló ń san owó iṣẹ́ abẹ tí ẹsẹ̀ bá kán, ọdún mélòó ni kò fi ní lè jà fún ẹlòmíràn, iye ìjà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un lọ́dún. Àìsí èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń so àwọn ọmọ mọ́lẹ̀: wọn ò fún un níjà, wọn ò sì jẹ́ kó lọ.

Tó bá jẹ́ ìdíje alẹ́ kan, níbi tí oníjà lè jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lálẹ́ kan, kí wọ́n kọ owó ìjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan ti ẹni tó wọlé dípò ẹlòmíràn. Nínú K-1 ti 2002 tí Kóòṣì sọ yẹn, oníjà kan tó ń jẹ́ Bob Sapp ti lu Hoost kúrò nínú ìdíje, ṣùgbọ́n ọwọ́ Sapp ti fọ́, Hoost padà wọlé dípò rẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ.

Físà Schengen: wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà fi ń dáhùn, ó lè di 45. Ẹ má gba ìjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Ọmọ Kúbwà:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbà fún yín. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ó lè máa ja dambe lọ ní báyìí, nítorí owó?

Kóòṣì Gwarinpa:
Rárá. Ọwọ́ tí wọ́n fi okùn dì yẹn, agbárí líle ló sábà ń bà, egungun kéékèèké inú ọwọ́ ló sì ń kán. Tí wọ́n bá sì gbá a dákú níbẹ̀, kò sí ìwé tó máa sọ fún dókítà rìǹgì wa. Kó wá iṣẹ́ ọ̀sán mìíràn. Kí ẹ ya X-ray ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ó bá ní ibi tó là, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ nìkan ni kó fi bẹ̀rẹ̀ títí á fi san.