Èsì ìdánwò mi kan sọnù, first class sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kẹrin ní yunifásítì. CGPA mi, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì mi láti ọdún kìíní, jẹ́ 4.47, bẹ́ẹ̀ 4.50 ni first class ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì mẹ́ta kan ni wọn kò rí èsì mi, òdo ni wọ́n sì kọ síwájú orúkọ mi. Mo ṣe ìdánwò yẹn! Káàdì ìdánwò mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, ibi tí alámòójútó fi bírò pupa fọwọ́ sí kò tíì parẹ́. Bí B lásán bá wọlé, mo ti kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka wa. "Lọ, kó o padà wá" ṣáá ni. Ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ló san owó ilé ìwé yìí láti ọdún kìíní. N kò tíì lè sọ fún wọn.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ta ni kí n kọ̀wé sí báyìí, díìnì (olórí fákọ́tì) ni àbí rẹ́jísírà (akọ̀wé àgbà yunifásítì)? Tí Sẹ́nétì yunifásítì wa bá sì ti fọwọ́ sí èsì wa tán, ṣé wọ́n ṣì lè tún un ṣe?