Nígbà tí ẹbí bá ní kí o kọ ilé-iṣẹ́ àwọn sínú Wikipedia

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti bá irú èyí pàdé rí? Bàbá mi àgbà, tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ná ọ̀nà Kútọnu sí Sábẹ̀ẹ́, ní kí n kọ àyọkà nípa ilé-iṣẹ́ òun sínú Wikipedia ti èdè Faransé, ìwé ìmọ̀ orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Òun ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, ẹnu mi kò sì gbà á láti kọ̀ fún un. Mo kọ ọ́ pé òun ni aṣáájú gbogbo akẹ́rù, pé kò sí oníbàárà tí kò fọkàn tán an, mo sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti pa á rẹ́. Bàbá gbà pé ọ̀tá kan ló wà nídìí rẹ̀, odindi oṣù méjì ni kò sì fi jẹ́ ìkíni mi.

Ìyá Oníkajú, Sábẹ̀ẹ́: Ọ̀rọ̀ yìí bá mi nílé. Ọkọ àbúrò mi ni tèmi.

Olùkọ́ Kétu: Àbúrò, kì í ṣe ọ̀tá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn tún àyọkà ṣe níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí alámòójútó rí: "aṣáájú" àti nọ́ńbà fóònù nínú ojúewé kan náà. Ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ ní ọjà Ouando lè ké pé ẹ̀kọ òun ló dùn jù, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé òun ló gbé igbá. Ẹni tó ṣí ìwé ìmọ̀ kò rí ẹni tó gbé igbá. Ó rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn ló jẹ́rìí. Èyí ló ń dùn mí. Mo ti tún àyọkà ilé-iṣẹ́ kan ṣe rí, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀: bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ ìyìn kúrò lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, oníṣe tuntun, ìyẹn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, á ti dá a padà. Nígbà tí mo wo ìtàn ojúewé náà, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án wà, orúkọ oníṣe mẹ́rin ni mo kà, kò sì sí èyí tó ti kọ ohunkóhun síbòmíràn rí nínú wọn.

Akọ̀ròyìn Àjàṣẹ́: Iṣẹ́ owó nìyẹn, Olùkọ́.

Olùkọ́ Kétu: Iṣẹ́ owó ni. Láti ọdún 2014 ni òfin ìlò Wikipedia ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí wọ́n sanwó fún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kí ó sì dárúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn kan kò jẹ́ sọ ọ́. Ní 2015, Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì dí orúkọ oníṣe 381 lọ́nà, ó sì pa àyọkà 210 rẹ́, nítorí pé àwọn kan ń wá oníṣòwò kéékèèké tí wọn kò gba àyọkà wọn wọlé, wọn á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, wọn á sì tún máa béèrè owó oṣooṣù láti fi ṣọ́ ọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ gbà mí! Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa ti Bàbá rẹ́ ni ẹnìkan kọ̀wé sí i pé kí ó san 80,000 CFA, òun yóò dá a padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyá Oníkajú, Sábẹ̀ẹ́: Kí Bàbá má san án o. Ọkọ àbúrò mi san tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àyọkà náà lò, ó sì bá owó lọ.

Ará Ìdẹ́nà: Mi ò gbà pé ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ oríkì ni wá. Bí ẹnìkan bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí ogún ìdílé ń jẹun níbẹ̀, kí ló dé tí a kò fi lè kì í?

Akọ̀ròyìn Àjàṣẹ́: Oríkì pàápàá kì í bo àlébù. Oríkì ìdílé mélòó ni kò mẹ́nu kan ìjà tí baba ńlá wọn jà àti gbèsè tó jẹ? Ẹni tó fẹ́ kí a kọ ìyìn nìkan nípa òun kò tíì béèrè fún oríkì. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ti àwa oníròyìn. Mo ti rí ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀, tí wọ́n sanwó rẹ̀, tí ó jáde láìyí àmì kan padà. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á fi í ṣe ìtọ́kasí, ìyẹn ẹ̀rí ohun tó kọ, nínú Wikipedia. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Olùkọ́ Kétu: Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Wikipedia ti èdè Faransé fi ń béèrè ìtọ́kasí méjì, ó kéré tán, láti ọwọ́ ẹni tí kò bá ilé-iṣẹ́ náà tan, kí ọdún méjì sì wà láàárín wọn. Ariwo ìpolówó kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ará Ìdẹ́nà: Ti gbèsè yẹn, mo gbà.

Ìyá Oníkajú, Sábẹ̀ẹ́: Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni yóò kọ̀wé ìròyìn nípa àwa tí ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀? Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní Sábẹ̀ẹ́ níbí, ta ni yóò sanwó kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ dáadáa? Ẹni tó lówó ń kọ nípa ara rẹ̀, ohun tó kan gbogbo ìlú sì wà nílẹ̀.

Olùkọ́ Kétu: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò. Mo ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìwé ìròyìn ìjọba nílé, ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Ehuzu, kó tó di La Nation ní 1990. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, kó wá sí Kétu.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Mo sọ ti ìtọ́kasí méjì yìí fún Bàbá lónìí. Ó wọ yàrá, ó sì gbé ìwé ìròyìn kan tó ti pọ́n jáde, ọ̀kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n kà á, kí n dá a padà, kí n má sì fi han ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ Kétu: Àbúrò, ìyẹn ni ìtọ́kasí àkọ́kọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó.