“Ìkọlura” kọ́: lórí òfin tó dín àṣẹ ogun ààrẹ Amẹ́ríkà kù

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Ọ̀kan nínú yín dábàá pé, nínú ìtumọ̀ wa sí Yorùbá, kí a pe òfin “War Powers Resolution” tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi ìbò borí Ààrẹ Nixon láti ṣe ní 1973 ní “Òfin Agbára Ogun”, kí a sì pe “hostilities”, ohun tí òfin náà ní kí ààrẹ fi tó wọn létí láàárín wákàtí 48 bí ọmọ ogun bá wọ inú rẹ̀, ní “ìkọlura”. N kò fara mọ́ méjèèjì.

Agbára ni ọmọ ogun fi ń jà, àṣẹ ni ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ń pa. “Òfin Àṣẹ Ìṣígun” ló yẹ ẹ́, nítorí pé ìṣígun yàtọ̀ sí ìkéde ogun: Amẹ́ríkà ṣígun lọ sí Kòríà ní 1950 láìkéde ogun, wọn kò sì tíì kéde òmíràn láti 1942. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní ìpín karùn-ún.

“Ìkọlura” gan-an ló ká mi lára. Bí ọmọ ogun bá ti wọ ohun tí òfin náà ń sọ láìsí ìfọwọ́sí aṣòfin, ọjọ́ 60 ni ààrẹ ní, àti 30 lé e láti fi kó wọn jáde. Ní 2011, ọjọ́ 60 pé nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì ń ju àdó olóró sí Líbíà. Harold Koh, agbẹjọ́rò nínú ìjọba Obama, wá ṣàlàyé fún àwọn aṣòfin àgbà pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò tíì tó èyí tí òfin ń wí, nítorí pé kò sí ọmọ ogun wọn lórí ilẹ̀, wọn kò sì máa yìnbọn síra léraléra.

Ẹ wo “ra” tó gbẹ̀yìn “ìkọlura”. Òun nìkan ti dá Koh láre, nítorí ó di dandan kí ẹni méjì máa lu ara wọn. “Ìkọlù” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá kan ara, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ tó gbé òfin náà jáde sọ ọ́ kedere pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ tó fẹ̀, tó kó ìfojúkojú tí ìbọn kò tíì dún níbẹ̀ mọ́ra.

Nítorí náà, “ìkọjú-ìjà-síni” ni mo mú wá. Ènìyàn lè kọjú ìjà sí ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn, àti ẹni tí kò ní lè dá a padà. Mo mọ̀ pé ó gùn. Ẹni tó bá rí èyí tó kúrú jù ú lọ, tí kò ní “ra” nínú, kó jọ̀wọ́ fi hàn wá.