Tòmátì mi ga tẹ́ẹ́rẹ́, ata mi ń ṣubú: ṣé kí n gbé wọn síta?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tòmátì àti ata tí mo gbìn sínú abọ́ lẹ́bàá fèrèsé ti pé ọ̀sẹ̀ 6. Tòmátì ga tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tẹ̀. Ata ń ṣubú láti ìdí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ti ń móoru. Ṣé kí n kó gbogbo wọn lọ gbìn sílẹ̀ níta lọ́la? Mo tún fẹ́ gbin ilá.

Ìyá Ọlọ́gbà: Lọ́la kẹ̀? Ẹ ṣe sùúrù. Òtútù òru ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ooru ọ̀sán. Tí òru bá ṣì ń lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C, ata á kàn dúró sójú kan láìdàgbà ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn síbi ìbòji níta fún wákàtí 1, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Ewé tí kò mọ oòrùn á funfun, á sì gbẹ.

Ìmọ́lẹ̀ tó kéré ló jẹ́ kí tòmátì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi ku ewé òkè. Ẹ wo ara igi náà dáadáa: àwọn kókó wínníwínní yẹn, gbòǹgbò ni wọ́n máa dà. Ata ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bó ṣe jìn tó nínú abọ́ ni kó jìn tó nínú ilẹ̀.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ yẹ ìdí èyí tó ṣubú wò. Tó bá ti tín-ín-rín bí òwú, tó sì dúdú, omi àpọ̀jù ló fa àrùn yẹn. Kò ní jí mọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ àwọn yòókù gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin wọ́n, kí ẹ sì rí i pé abọ́ náà ní ihò nídìí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ilá wá ńkọ́?

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé: Ojú ibi tó máa dàgbà sí ni kí ẹ gbìn ín sí tààrà, torí gbòǹgbò àárín rẹ̀ kì í fẹ́ ìdíwọ́. Ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín ní jíjìn 2 cm, kí àlàfo jẹ́ 30 sí 45 cm. Ó máa ń ga ju ata lọ, ẹ má jẹ́ kó gba oòrùn mọ́ ọn lójú. Tòmátì ní tirẹ̀ fẹ́ 60 cm.

Ìyá Ọlọ́gbà: Ẹ má da ajílẹ̀ lé wọn lórí jù. Ewé á dúdú mìnìjọ̀, òdòdó ò ní yọ. Tí ìdí èso tòmátì bá sì dúdú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ, ẹ má sáré ra oògùn kòkòrò. Omi tó ń pọ̀ lónìí tó ń wọ́n lọ́la ni kò jẹ́ kí kálísíọ́mù, èròjà tí èso nílò láti inú ilẹ̀, dé inú èso. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó nípọn tó 5 cm, kí ilẹ̀ lè máa tutù déédéé.