Kí ni kí a máa pe aràn tí ń gbé ara ẹja adágún omi?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè,

Orúkọ mẹ́ta ni a ti dá lábàá fún àwọn aràn tí ń gbé ara ẹja inú adágún omi tí kò níyọ̀: kòkòrò inú ẹja, ìdin ẹja, àti aràn àfòmọ́. Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àtúnṣe díẹ̀.

Kòkòrò kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń mú wá sọ́kàn, irú Argulus tí í lẹ̀ mọ́ awọ ẹja, aràn kò sì lẹ́sẹ̀.

Ìdin ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ó bá ohun tí ojú rí mu. Ẹni tó la ẹja, tó sì bá aràn Clinostomum bíi hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè nínú ẹran rẹ̀, kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ eṣinṣin ni ìdin, ibi tí nǹkan ti ń jẹrà ni a sì ti sábà máa ń bá a. Ẹja tó ní Clinostomum lè jẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láàyè: inú ìṣáwùrú ni ọmọ aràn náà ti jáde, ó wọ ara ẹja, ó ká ara rẹ̀ mọ́ inú àpò kékeré, ó sì ń dúró de ẹyẹ tí yóò gbé ẹja náà mì. Ẹnu àti ọ̀fun ẹyẹ ni yóò ti dàgbà, ibẹ̀ sì ni ẹyin rẹ̀ yóò ti padà sínú omi. Bí a bá pe èyí ní ìdin, a ti bu ẹ̀tẹ́ lu ẹja tí kò tíì bàjẹ́.

Àwọn kan ní àfòmọ́ ti di ti onígírámà, tí ń fi í pe mọ́fíìmù, ègé kékeré tó ní ìtumọ̀, tí a ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ara igi ni àwọn náà ti yá a. Òwe ni ó ń kọ mí lóminú, èyí tó ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Aràn kì í bá ẹja gbogbo tan: ìdílé ẹja kápù ni Ligula intestinalis sábà máa ń yàn, tí í kún inú ẹja bámúbámú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ dàgbà. Nítorí náà, kí aràn àfòmọ́ wà fún gbogbogbòò, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì gba orúkọ láti ibi tí ó ń gbé tàbí bí ó ti rí: aràn ojú ẹja fún Diplostomum, tó lè fọ́ ẹja lójú, aràn ẹlẹ́gùn-ún fún èyí tí ń fi orí rẹ̀ kọ́ ìfun, aràn ọ̀já fún Ligula àti ìbátan rẹ̀ tí ènìyàn ń kó nínú ẹja tí kò jinná, tó lè gùn tó mítà 10. (Eṣúṣú ti ní orúkọ tirẹ̀.)

Fún ẹ̀dá tí aràn ń gbé, n kò gba agbàlejò tí a ti ń lò, torí pé ẹja kò pe ẹnikẹ́ni wá sílé. Mo dá aláràn lábàá: ẹja jẹ́ aláràn agbedeméjì, ẹyẹ tí aràn ti ń dàgbà jẹ́ aláràn ìkẹyìn. Bí ó bá dún bí èébú, ẹja kò ní bínú. Ẹ̀dá omi tíntín tí ẹja ń jẹ, tí Ligula ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ara ẹja, ni ó kù tí n kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Mo ń retí àbá yín.