Labalábá Okomu àti ti Lama: báwo la ṣe máa fi wọ́n wéra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ kòkòrò. Ìṣirò kan ló di wá lọ́wọ́.

Igbó Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó la fẹ́ fi wé igbó Lama ní orílẹ̀-èdè Benin, lórí iye irú labalábá tó ń jẹ èso. Lama wà níbi tí òjò ò ti pọ̀ tó, níbi tí pápá ti la igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí irú ibẹ̀ bá kéré. Àmọ́ ìdẹkùn 10 ló wà ní Okomu, 5 péré ní Lama. Ẹni tó dẹ púpọ̀ ló ń rí púpọ̀.

Ìjẹ ò yàtọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, tí a gún mọ́ ẹmu, tó lo ọjọ́ 2 kó tó kan. Gíríìsì wà lára okùn, torí bí eèrà bá dé ibẹ̀, ìyẹ́ nìkan lẹ máa bá.

Okomu: labalábá 400, irú 60 ló jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo la rí nínú wọn. Ẹ pín 60 sí 400, ẹ yọ ọ́ nínú 1: 0.85, ìyẹn ìdá tí a fojú bù pé ó jẹ́ ti irú tí a ti rí nínú gbogbo labalábá ibẹ̀. Lama: 150, ẹlẹ́yọ kan 9, ó di 0.94. Lama tó kéré gan-an la ti mọ̀ jù!

Ṣé ká dín Okomu kù sí 150 ni, àbí ká dín Lama kù títí yóò fi di 0.85? Ẹ̀rù ń bà wá pé ti àkọ́kọ́ á bo ọrọ̀ Okomu mọ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀kan: mítà 1 sílẹ̀ ni gbogbo ìdẹkùn wà. Ṣé ká gbé ìdajì wọn lọ sókè igi níbi méjèèjì, nítorí àwọn Charaxes, àwọn labalábá tó fẹ́ràn òkè igi?