Orúkọ ìlú wo ló pa yín lẹ́rìn-ín rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Oǹdó ní Croydon

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín láti àárọ̀, mo ní kí n gbé e wá síbí. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè East Croydon, bí ẹ bá gbójú sókè wo pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí, ẹ ó rí i gbangba: ORE. Ọkọ̀ láti Victoria ni, Ore ló ń lọ. Ọmọ Oǹdó sì ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Ore tí èmi mọ̀, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó bọ̀ máa ń yà kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, kí dẹ́rẹ́bà na ẹsẹ̀ kó tó forí lé Benin. Mo ya fọ́tò pátákó náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá la ọ̀nà gba ọ̀dọ̀ yín ni?"

Lọ́jọ́ kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ dé ìdí rẹ̀. Ó gba Gatwick, ó gba Lewes, ó ya Eastbourne, ó dé Hastings létí òkun, ẹ̀yìn ìyẹn ló kan Ore. Ibùdókọ̀ kékeré ni, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lì, kò sí ẹni tó gbé ẹran ìgbẹ́ kọ́ igi kí ọlọ́kọ̀ rí i rà. Mo jókòó díẹ̀, mo padà wá sílé. Tiyín ńkọ́?

Bàbá Àgbà Peckham

Ọmọ mi, ó le kú, ìjà Ore! Ìwọ ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dùn sí. Ní 1967, nígbà ogun abẹ́lé, Ore tiwa ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró tí wọn ò fi wọ Èkó. Ibẹ̀ la ti rí àṣamọ̀ yẹn. Wàyí o, tó o bá kúrò ní Ore tiwọn, tó o gba inú Hastings sókè díẹ̀, ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Battle. Ogun gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ibẹ̀ ni William ará Normandy ti ṣẹ́gun ọba Harold ní 1066. Ogun Hastings ni ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n Battle ni wọ́n ti jà á. Ore méjì, ogun méjì. Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ rẹ̀.

Àdùkẹ́ Kent

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìlú kan wà níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sittingbourne, Iwade ni wọ́n kọ ọ́. "Ìwà dé" ni gbogbo wa ń pè é nílé. Ọkọ mi kì í sọ pé òun ń lọ síbẹ̀ láìfi orin sí i.

Ìyá Ìbejì, Norfolk

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní apá Fakenham, ilé dé ilé, mọ́tò mi ni mo fi ń rìn. Ìlú méjì kan wà nítòsí ara wọn níbẹ̀: Great Snoring àti Little Snoring. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rẹ́rìn-ín. Híhanrun Ńlá àti Híhanrun Kékeré.

Mo ní màmá kan tí mò ń tọ́jú ní Little Snoring, iṣẹ́ alẹ́ ni. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀gá tuntun pè láti ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Manchester, kò mọ àdúgbò rárá, ó sì ń pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ibi tí kálukú wà. Ó bi mí, mo ní, "Little Snoring." Ó dákẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé híhanrun náà kò pọ̀.

Fóònù wà lórí sípíkà. Màmá tí mò ń tọ́jú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin tí kò lè dá dìde láìdi nǹkan mú, ṣe ló na ọwọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ojú mi sì là sílẹ̀. Lọ wo máàpù." Ó wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, mo ní láti bu omi fún un.

Òun náà ló ṣàlàyé fún mi pé orúkọ yẹn kò bá oorun tan. Ọkùnrin kan ló ń jẹ́ Snear láyé àtijọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ló tẹ ibẹ̀ dó. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Kékeré ni èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Ńlá lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sì rèé, pápá ọkọ̀ òfuurufú ológun wà ní Little Snoring, alẹ́ ni àwọn ọkọ̀ yẹn máa ń gbéra. Ẹ rò ó wò: ìlú Híhanrun, kò sí ẹni tó rí oorun sùn.

Awakọ̀ Dorset

Ìyá Ìbejì, ẹ ò ní pa wá! Tiyín mọ́ pàápàá. Tèmi kò mọ́ rárá, kí ẹni tó ń jẹun kọjá lọ ná.

Fáànù ni mo fi ń kó ẹrù kiri Dorset. Odò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Piddle. Ìtọ̀ nìyẹn. Ó sì bí àwọn abúlé lọ́mọ: Piddlehinton, Piddletrenthide. Àwọn míì ti fi ọgbọ́n yí i sí Puddle, bíi Tolpuddle. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti mú àwọn alágbàro mẹ́fà ní 1834, tí wọ́n kó wọn lọ sí Australia nítorí pé wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Torí náà mo máa ń ṣí fìlà tí mo bá dé Tolpuddle.

Ṣùgbọ́n Shitterton ni olórí gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Abúlé rírẹwà ni o, ilé olórùlé koríko, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Bí o ṣe ń wọlé, òkúta ràgàjì kan ló máa kí ọ, wọ́n gbẹ́ SHITTERTON sára rẹ̀ gàdàgbà. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ìyàwó nawọ́ sí orúkọ, ọkọ dì mọ́ òkúta, wọ́n ní kí n bá àwọn ya fọ́tò. Mo yà á. Bàbá kan tó ń gé koríko ló wá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Pátákó ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn olè ń hú u lọ. Wọ́n rì òmíràn, wọ́n tún hú u. Nígbà tó di 2010, àwọn ará abúlé dá owó jọ, nǹkan bí ogún pọ́n-ùn lórí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ra òkúta Purbeck tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀, ẹ̀rọ agbẹ́rù ló gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá lè dá a rù, kó máa gbé e lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá dé ni pé orúkọ ò parọ́. Odò tó gba abúlé yẹn kọjá, òun làwọn ará àtijọ́ sọ di ṣáláńgá. Nígbà kan rí àwọn ọ̀tọ̀kùlú gbìyànjú láti yọ lẹ́tà "h" kúrò kí orúkọ náà lè di Sitterton. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò gbà. Èmi ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Essex

Ẹ wá sí Ugley lọ́dọ̀ wa, lẹ́bàá Stansted. Ẹ pè é bó ṣe rí létí yín, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wá ro bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àsíá. Ní Loose, lọ́hùn-ún ní Kent, tiwọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Bangor

Èmi ò lè fi orúkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀. Orúkọ mi gùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú ọba ni wọ́n ti ń gé e, títí ó fi ku lẹ́tà kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ kan. Níbi tí mo wà báyìí ní Bangor, apá àríwá Wales, ẹnì kan tún bi mí níwájú gbogbo èèyàn bóyá kò sí èyí tó kúrú. Kí n tó dáhùn, àgbà ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ bíbí Anglesey, ti dìde. Ó ní ìlú tí òun ti wá ni Llanfairpwllgwyngyllgogerychwyrndrobwllllantysiliogogogoch. Ó pè é tán láìmí. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ó kàn ọ́. Pe tìrẹ, kó o sì parí rẹ̀." Mo pè é, tohùn tohùn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gé e mọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀, ó mú mi lọ wo ìlú náà. Ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré báyìí, pátákó orúkọ rẹ̀ wá nà tàntàn, wọ́n kọ bí àlejò ṣe máa pè é sábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ bí oríkì ló rí: ìjọ Màríà Mímọ́ tó wà ní àfonífojì igi hásẹ́lì funfun, nítòsí omi tó ń yí bírí, àti ìjọ Tysilio Mímọ́ ti ihò pupa. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá kà á, lẹ́tà 58 ni. Tí ọmọ Wales bá kà á, 51 ni, torí ll, lẹ́tà kan ni lọ́dọ̀ wọn, ch náà lẹ́tà kan. Mo ní, "Àwa náà, lẹ́tà kan ni gb." Ó dì mọ́ mi. Ó kọ́ mi ní ll: gbé ahọ́n rẹ síbi tó o máa ń gbé e sí fún l, wá fẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, má jẹ́ kí ọ̀fun dún. Èmi náà kọ́ ọ ní gb. Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń pe gbẹ̀gìrì fún ìyàwó rẹ̀ báyìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ gígùn yẹn kì í ṣe ti ìwáṣẹ̀. Láàárín 1860 sí 1869 ni wọ́n fà á gùn, lẹ́yìn tí rélùwéè ti dé, kí àwọn àlejò lè máa yà síbẹ̀. Ọgbọ́n ọjà. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, Llanfairpwll ni wọ́n ń pè é.

Àbíkẹ́ tó ń kàwé

Ní tèmi o, kì í ṣe èèyàn ló bá orúkọ ìlú mi jà, kọ̀ǹpútà ni. Scunthorpe ni mo gbé. Ẹ wo lẹ́tà kejì dé ìkarùn-ún, ẹ má pè é sókè, ọmọdé wà nílé. Fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ àdírẹ́ẹ̀sì mi, ó ní kí n yéé bú èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́: ní 1996, AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, ò jẹ́ kí àwọn ará Scunthorpe forúkọ sílẹ̀ nítorí ohun kan náà, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ti fi orúkọ ìlú wa sọ irú ìṣòro yẹn.

Bàbá Àgbà Peckham

Mo ti kà á. Olúwa dárí jì mí.

Ìyá Ìjọ, Birmingham

Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ gbafẹ́ ní Cotswolds. A rí pátákó lójú ọ̀nà: The Slaughters. Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà tó jókòó sẹ́yìn: Ìpakúpa. Ti Òkè wà, ti Ìsàlẹ̀ wà. Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà lẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù." Ìyá Ààrẹ ní òun ò sọ̀ kalẹ̀, pé òun ò ní fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń dúńbú èèyàn, lọ́jọ́ tí òun wọ léèsì tuntun. Dẹ́rẹ́bà, ọmọ òyìnbó, ń wo dígí, kò mọ ohun tó dé.

Mo ti kà nípa ibẹ̀ kí a tó kúrò nílé, mo bá dìde. Mo ní ẹrẹ̀ ni orúkọ yẹn ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ibi tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo ní nílẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí abúlé tí ẹ ò ti ní rí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn tó kú sógun sí. Upper Slaughter wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí gbogbo ẹni tó lọ sógun àgbáyé méjèèjì padà wálé láàyè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú wọn ní abúlé ọlọ́pẹ́, torí ogun méjèèjì sì ni tèyí ṣe jẹ́ ọpẹ́ ìlọ́po méjì. A máa ń sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ti ibí yìí ò ro wọ́n.

Ìyá Ààrẹ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Orin ọpẹ́ ló gbé. Etí odò Eye la ti ṣí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ará Perth

Abúlé kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa ní Scotland tó ń jẹ́ Dull. Ní 2012, ó bá Boring dọ́rẹ̀ẹ́, ní Oregon, Amẹ́ríkà. Bland ní Australia náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Kò sí àsọdùn nínú rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo, Durham

Pity Me ni mo háyà yàrá sí. Ṣàánú Mi, ẹ̀yin ará. Ní ìpínlẹ̀ kan náà, No Place wà, tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ yí padà sí Co-operative Villas tí àwọn ará ibẹ̀ sì yarí. Ní ti Pity Me, wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé ìgbà tí àwọn mọ́ńkì ń gbé òkú Cuthbert Mímọ́ kọjá ni pósí já bọ́ níbẹ̀, tí ẹni mímọ́ fi ké láti inú rẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú òun. Ìtàn dídùn ni, èmi ò gbà á gbọ́.

Màmá mi fẹ́ fi èlùbọ́ rán ẹnì kan tó ń bọ̀, ó ní kí n fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì wọn múná. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ: Front Street, Pity Me. Kíá ni fóònù dún. "Ta ló ṣe ọ́? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni? Kí ló dé tí o ò sọ láti ọjọ́ yìí?" Wọ́n ti ń pe àwọn àbúrò wọn kí n tó ṣàlàyé tán, owó sì ti wọ àkáǹtì mi. Nígbà tó yé wọn, wọ́n ní kí n kó kúrò níbẹ̀ kíákíá. Mo ní, "Màámi, yàrá ibẹ̀ ò wọ́n." Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa gbébẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi fi fídíò ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́. Màmá mi ló di máíkì mú níbi ìdúpẹ́: "Mo dúpẹ́ lórí ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù." Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni rélùwéè fi ń rìn láti Durham débẹ̀.